Kíkan Nínú Adùn: Ìtàn Ohun Mímu Kíkan àti Ìlera Eyín ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 1953

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni Yorùbá fi ń sọ bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe rí lórí ahọ́n àti ohun tí ó ń ṣe fún eyín. Ọsàn a máa kan. Eyín a sì máa kan ẹni tí ó bá mu ún ní àmujù. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì dé ibi tí wòlíì Jeremáyà (orí 31, ẹsẹ 29) àti Ìsíkíẹ́lì (orí 18, ẹsẹ 2) ti mẹ́nu ba òwe àtijọ́ nípa àwọn baba tí wọ́n jẹ èso àjàrà kíkan, tí ìnira rẹ̀ sì wá dé bá eyín àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ìwé Òwe (orí 10, ẹsẹ 26) náà so ọtí kíkan pọ̀ mọ́ ìnira eyín. Ìmọ̀ pé ohun kíkan kì í ṣe ọ̀rẹ́ eyín ti pẹ́ láyé, ó sì ti pẹ́ nínú èdè wa.

Ìbéèrè tí ó bí iṣẹ́ yìí nìyí: bí ìmọ̀ yìí bá ti wà nílẹ̀, báwo ni ohun mímu tí ó kan ju ẹmu ọjọ́ mẹ́ta lọ ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí ó gba ààyè lórí tábìlì àríyá, tí ó wọ inú àkọsílẹ̀ ẹrù ìyàwó, tí kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ohun kíkan? Orúkọ tí a sọ ọ́ ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò; míníráàlì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pè é. Kò sí kíkan nínú orúkọ méjèèjì.

Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa dáhùn irú ìbéèrè yìí ní kíákíá: òyìnbó ni ó ba eyín wa jẹ́, eyín àwọn baba ńlá wa dá ṣáká títí ọkọ̀ ojú omi wọn fi gúnlẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Kíkan kò ṣàjèjì sí ẹnu Yorùbá. Àyípadà tí ó dé láti ọdún 1953 wá ni pé adùn bo kíkan mọ́lẹ̀, tí ahọ́n kò fi lè ṣọ́ ẹnu mọ́, àti pé àkókò tí kíkan fi ń wà lára eyín ní ojúmọ́ wá ń gùn sí i. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ tọ pinpin rẹ̀.

Èèpo eyín àti ásíìdì

Kí á tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ ìtàn rẹ̀. Ohun funfun líle tí ó bo eyín, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀námẹ̀lì, ni a óò máa pè ní èèpo eyín nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni ó le jù lọ nínú gbogbo ohun tí ó wà ní ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Nǹkan bí 96% ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ èròjà bí òkúta, tí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì jẹ́ olórí inú rẹ̀. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ohun alààyè kankan nínú. Ìdí nìyí tí egungun tí ó kán fi lè jinná, tí awọ tí ó bó sì lè padà bò, ṣùgbọ́n tí èèpo eyín tí ó bá ti lọ kì í hù mọ́ títí di ọjọ́ alẹ́.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni wọ́n ń pè ní pH. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 10. Bí ohun tí ó wà lẹ́nu bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 5.5 lọ, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lára èèpo eyín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ sábà máa ń wà láàrin 2 sí 2.5, omi ọsàn mímu ní nǹkan bí 3.5, kólà inú ìgò ní nǹkan bí 2.5. Ìtumọ̀ èyí ni pé kólà fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 kan ju ibi tí èèpo eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Elédùmarè kò fi eyín sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Itọ́ ni olùṣọ́ náà. Itọ́ a máa fọ ohun kíkan dànù, a máa pa agbára rẹ̀, ó sì ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì tirẹ̀ tí ó lè fi dí ara èèpo tí ó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣí kúrò. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ìwádìí tí R. M. Stephan ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940 fi hàn pé lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi omi ṣúgà yọ ẹnu, ohun tí ó lẹ̀ mọ́ eyín a kan lójijì láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Àkókò yìí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn wa dúró lé.

Ó tún yẹ kí á ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Akokoro tí Yorùbá mọ̀, ìyẹn ihò tí ó máa ń dá sí eyín, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú yíyọ́ èèpo eyín. W. D. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, ni ó la ọ̀rọ̀ akokoro yéni nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1890: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni ó ń jẹ ṣúgà àti ìyókù oúnjẹ, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì náà ni ó sì ń gbẹ́ ihò sí eyín. Ṣáájú ìgbà yẹn, onírúurú ènìyàn ní ayé, láti Bábílónì àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa, ni ó gbà pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Kò sí ohun tí a lè fi ṣẹ̀sín nínú èyí. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn kéré ju ohun tí ojú lè rí ni. Ní ti yíyọ́ èèpo eyín, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ásíìdì inú ohun mímu fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, kì í sì í dá ihò sí ojú kan. Gbogbo ojú eyín ni ó máa ń tín-ín-rín, tí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi máa hàn síta, tí omi tútù àti ọbẹ̀ gbígbóná yóò sì wá di ìyà. Ohun mímu tí ó bá ní ásíìdì àti ṣúgà pa pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kíkan ṣáájú ọdún 1953

Ẹmu ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní àárọ̀ dùn, kò sì kan rárá. pH rẹ̀ kò jìnnà sí ti omi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwúkàrà àìfojúrí inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà di ọtí àti ásíìdì. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, yóò ti sún mọ́ 4. Gbogbo ẹni tí ó ń mu ẹmu ni ó mọ èyí láìní òṣùwọ̀n: ahọ́n ni òṣùwọ̀n wọn, ẹmu tí ó bá sì ti kan jù, iye rẹ̀ a já wálẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́mu.

Lẹ́yìn ẹmu, omi kíkan orí ògì wà níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní omíkan. A ń fi rẹ àgbo, a sì ń fi se é. Àgbálùmọ̀ ń bẹ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ọmọdé ń jẹ títí eyín yóò fi kan wọ́n. Ìṣápá ń bẹ fún ọbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò gbẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé ọsàn kì í ṣe ti ilẹ̀ Áfíríkà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Éṣíà ni wọ́n ti gbé e kúrò, ó kàn jẹ́ pé ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé a kò rí i bí àjèjì mọ́.

Bí a bá wo àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa, a óò rí i pé ohun mẹ́ta ni ó so wọ́n pọ̀. Èkíní, wọ́n ní àsìkò. Àgbálùmọ̀ kì í so yípo ọdún. Èkejì, wọ́n ní ìdí tí a fi ń lò wọ́n àti ìgbà tí a ń lò wọ́n: àgbo omíkan jẹ́ ohun tí à ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí à ń di imú mu, ẹmu jẹ́ ti ìjókòó lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa: kò sí èyí tí kò fi kíkan rẹ̀ han ahọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ àgbálùmọ̀ mẹ́wàá mọ ohun tí ó ń ṣe fún ara rẹ̀.

Orín náà wà níbẹ̀. Orín àtá, pákò Ìjẹ̀bú, ìdí, àyán, igi ewúro, igi orógbó: ibi kọ̀ọ̀kan ni ó ní èyí tí ó fẹ́ràn. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà tẹ ìwádìí jáde lórí agbára tí omi ara àwọn orín wa ní láti pa kòkòrò àìfojúrí, iṣẹ́ wọn sì fi hàn pé kì í ṣe fífọ̀ nìkan ni orín ń fọ eyín. Ohun kan wà tí àwọn tí ó kọ̀wé nípa orín kì í sábà ṣàkíyèsí, ìyẹn ni àkókò tí à ń rún un. Ní ìdájí, kí oúnjẹ tó kan ẹnu, ni Yorùbá ń rún orín. Àwọn oníṣègùn eyín òde òní ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe fọ eyín ní kété tí ó bá mu ohun kíkan tán, nítorí pé èèpo tí ó ti rọ̀ yóò bá búrọ́ṣì lọ. Kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Àṣà orín ìdájí bá ìmọ̀ràn yìí mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e kalẹ̀ nítorí ásíìdì.

Síbẹ̀, kí á má ṣe sọ àwọn baba wa di ohun tí wọn kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ bí akokoro kì í wọ inú èdè bí kò bá sí ẹni tí ó ní àìsàn náà. Ní Áfíríkà níbí kan náà, agbárí àtijọ́ tí wọ́n wú jáde ní Kabwe, ní orílẹ̀-èdè Zambia òde òní, ní ọdún 1921 ní ihò lára ọ̀pọ̀ eyín òkè rẹ̀; agbárí náà sì ti ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ní ihò òkúta Taforalt ní Mòrókò, àwọn olùwádìí tí iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2014 rí akokoro rẹpẹtẹ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 15,000 sẹ́yìn, kí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó dé ibẹ̀. Èso igi tí ó kún fún sítáàṣì tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà ni ó fà á. Kò sí òyìnbó, kò sì sí ìgò.

Láti Atlanta dé Ọ̀yìngbò

Ní ọdún 1886 ni John Pemberton, apoògùn ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ṣe àdàlù tí ó di Coca-Cola. Ohun mímu náà ti tàn káàkiri ilẹ̀ rẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ṣùgbọ́n ogun náà ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Robert Woodruff, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó bá wọ aṣọ ogun Amẹ́ríkà máa rí ìgò kan rà ní sẹ́ńtì márùn-ún níbikíbi tí ó bá wà. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìrọgò tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun lọ sí òkè òkun.

Inú ogun yìí kan náà ni ìwádìí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa ti jáde. Clive McCay, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Cornell, ti gbajúmọ̀ láti ọdún 1935 fún iṣẹ́ rẹ̀ pé eku tí a bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù máa ń pẹ́ láyé. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé e sí ìdí ìwádìí oúnjẹ wọn. Ó rí bí wọ́n ṣe ń mu kólà tó, ó sì yà á lẹ́nu láti mọ̀ pé ásíìdì fọ́sífóríìkì wà nínú rẹ̀. Ó rì eyín ènìyàn sínú kólà. Láàrin ọjọ́ méjì, eyín náà ti rọ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún eku àti ọmọ ajá ní ohun mímu kíkan. Àwọn eku tí kò rí nǹkan mìíràn mu fún oṣù mẹ́fà ju kólà lọ, eyín ìlọnjẹ wọn yọ́ dé ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń jẹun dáadáa. Àwọn àbọ̀ iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 1945 àti 1949, ní ọdún 1950 McCay sì sọ ohun tí ó rí fún ìgbìmọ̀ tí James Delaney darí ní Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń wádìí àwọn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ.

Àtakò kan wà sí iṣẹ́ náà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Eyín tí a rì sínú ife kò dà bí eyín tí ó wà lẹ́nu. Ife kò ní itọ́, kò sì sí ènìyàn tí ó ń fi ohun mímu sẹ́nu fún ọjọ́ méjì gbáko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtakò yìí gan-an ni ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn: bí àkókò bá kúrú, itọ́ yóò borí, bí ó bá gùn, bí ó bá sì ń tún ara rẹ̀ ṣe, ẹnu yóò máa sún mọ́ ife McCay díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ A. G. Leventis, oníṣòwò ọmọ Cyprus. Ní ọdún 1953, ìgò Coca-Cola àkọ́kọ́ tí a rọ ní Nàìjíríà jáde ní Ọ̀yìngbò, Ẹ̀búté Mẹ́ta, ní ìlú Èkó. Ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàrin ẹ̀rí McCay ní Washington àti ìgò Ọ̀yìngbò. Ìgò dé, ẹ̀rí kò bá a dé. Bí a bá ń wá ibi tí a ti lè dá ẹ̀bi lébi nínú ìtàn yìí, ibẹ̀ ni kí á wò, kì í ṣe ní èbúté tí òyìnbó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ọjà gbà wọlé, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ nípa ọjà náà sì gbà, ti ìmọ̀ sì pẹ́ púpọ̀ lọ́nà. Àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, òkè òkun ni ẹni tí ó bá fẹ́ di oníṣègùn eyín ń lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ni Seven-Up Bottling Company, tí ìdílé El-Khalil láti Lẹ́bánónì dá sílẹ̀, gbé ìgò àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Ìjọra. Àsìá orílẹ̀-èdè àti ìgò yìí jọ ṣe ọjọ́ ìbí ni.

Bí ó ṣe rí àyè jókòó

Adùn nìkan kọ́ ni ó jẹ́ kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Mùsùlùmí kì í mu ọtí. Ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà àti àwọn ìjọ mìíràn náà kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àríyá Yorùbá kò ṣeé ṣe láìsí ohun tí a óò gbé síwájú àlejò. Ẹni tí ó ń sọmọ lórúkọ, tí bàbá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, kí ni yóò gbé fún un? Omi lásán kò yẹ àlejò ńlá. Ẹmu kò ṣeé gbé jáde. Míníráàlì yanjú ọ̀rọ̀ náà: ó wọ́n díẹ̀ ju omi lọ, ó ní ìdérí tí a óò ṣí níṣojú àlejò, kò sì sí ẹ̀sìn tí ó kọ̀ ọ́. Ọmọdé lè mu ún, aboyún lè mu ún, ìyá àgbà lè mu ún. Bí ó ṣe di ohun ọ̀wọ̀ nìyẹn. Kíréètì míníráàlì wọ inú àkọsílẹ̀ ẹrù ìyàwó pẹ̀lú iṣu, epo, oyin, obì, orógbó àti ataare, ó sì jókòó láàrin wọn bí ẹni pé ó ti ń bẹ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé gbogbo ohun tí ó bá a jókòó nínú ẹrù yẹn ni ó ní adùn tàbí ìkorò tí kò pamọ́. A mọ̀ pé obì korò kí a tó gé e jẹ. Yorùbá a máa sọ pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro: ìkorò ni ó kọ́kọ́ ń dé, a ó sì ti mọ ohun tí à ń jẹ. Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bí gíráàmù 10 ṣúgà ni ó máa ń wà nínú mílílítà 100 kólà. Bí a bá yọ ṣúgà náà kúrò, tí a kò sì fi adùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹnu kò ní lè gbà á, nítorí yóò kan bí ọtí kíkan. Ṣúgà kò pa ásíìdì. Ahọ́n nìkan ni ó tàn jẹ. Eyín kò ní ahọ́n, a kò lè tàn án. Ibí yìí ni olùṣọ́ àtijọ́ ti sùn lọ, ìyẹn ahọ́n tí ó ń sọ fún ẹlẹ́mu pé ẹmu ti kan jù.

Ìgò gíláàsì àti ìgò oníke

Bí ó bá ṣe pé bí a ti ń mu míníráàlì ní ọdún 1960 náà ni a ń mu ún títí di òní, bóyá iṣẹ́ yìí kì bá tí pọn dandan. Nígbà náà, ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ tí àlejò bá dé láti Èkó ni. Ìgò gíláàsì sì ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mú ìgò òfìfo wá, tàbí tí kò fi owó ìgò sílẹ̀, kò ní gbé e kúrò ní ìsọ̀. Nítorí náà, ìdí kúlẹ́ẹ̀rì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, wọn a mu ún tán, wọn a dá ìgò padà, wọn a bá tiwọn lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Àwọn tí ìkánjú mú a ní kí wọ́n dà á sínú ọ̀rá fún àwọn, kí wọ́n sì ki ọ̀pá ìfàmu bọ̀ ọ́. A ti rí i ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Ọ̀rá náà kò ṣeé gbé kalẹ̀, ó di dandan kí ènìyàn fà á tán.

Ìgò oníke yí gbogbo èyí padà. Ní ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ La Casera gbé ohun mímu adùn ápù rẹ̀ jáde nínú ìgò oníke, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì gba ọ̀nà yìí. Ìgò oníke kì í padà sílé-iṣẹ́. Ó ní ìdérí tí a lè ṣí, kí a dé, kí a tún ṣí. Ó tóbi ju ti gíláàsì lọ: 50cl dípò 35cl. A lè gbé e sínú àpò, sínú kíláàsì, sínú ọkọ̀. Àwọn tí ń kiri ọjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò lè ta ìgò tí wọn yóò dúró gbà padà. Ìgò tí a kò ní dá padà ni ó ṣí ojú pópó sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ta ní agogo méje àárọ̀ lè máa fẹnu kan ìgò kan náà títí yóò fi dé Èkó Ìsàlẹ̀.

Kí òǹkàwé wá rántí àkókò tí itọ́ nílò. Ẹni tí ó mu ìgò gíláàsì tán láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún fún itọ́ ní iṣẹ́ kan ṣe. Ẹni tí ó ń fẹnu kan ìgò oníke ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí mẹ́ta kò jẹ́ kí itọ́ parí iṣẹ́ kankan. Ohun mímu kan náà lè wọ ikùn àwọn méjèèjì, kí ó má sì jọ ara wọn lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìwádìí kan tí ó ti èyí lẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ṣe ní Vipeholm, nítòsí ìlú Lund ní Sweden, láti ọdún 1945, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1954. Ó fi hàn pé iye ìgbà tí ṣúgà ń dé ẹnu láàrin oúnjẹ sí oúnjẹ, àti bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ eyín tó, burú fún eyín ju àpapọ̀ ṣúgà tí ènìyàn jẹ lọ. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí láìsọ pé àwọn aláìsàn ọpọlọ tí kò lè gbà tàbí kí wọ́n kọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí eyín wọn bàjẹ́. Ìmọ̀ náà wúlò. Bí wọ́n ṣe rí i kò dára. Akokoro ni wọ́n wádìí, kì í ṣe yíyọ́ èèpo eyín, ṣùgbọ́n òfin àkókò kan náà ni ó ń darí méjèèjì.

Zobo àti ọsàn wẹ́wẹ́

Àwọn tí ẹ̀rù kólà ti bà máa ń sá lọ sídìí zobo, pé ti ìbílẹ̀ ni, ewé ni, kò ní kẹ́míkà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni zobo ti wá bá wa, ìbátan ìṣápá ọbẹ̀ wa náà ni. Zobo kan gidigidi. pH rẹ̀ kì í sábà kọjá 3, a sì ń da ṣúgà sí i kí ó lè ṣeé mu, a ń rọ ọ́ sínú ìgò oníke tí kólà fi sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó ya á sọ́tọ̀ kúrò lára kólà lójú èèpo eyín. Zobo lè ní àǹfààní mìíràn fún ara. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ ìbílẹ̀ tan eyín jẹ bí a ti fi ṣúgà tan ahọ́n.

Bákan náà ni ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń pa eyín kí ó lè funfun. Ó máa ń funfun lóòótọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ásíìdì ọsàn ń ṣí ojú èèpo tí àwọ̀ obì tàbí tábà ti wọ̀ kúrò. Èèpo ni wọ́n ń san fún funfun náà. Bí ó bá pẹ́, eyín yóò padà pọ́n, nítorí èèpo ti tín-ín-rín, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń hàn.

Ohun tí òfin wọ̀n

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìnáwó tí ó fi ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí a fi adùn sí. Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù ni ó gbòde kan nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí òfin náà. Eyín kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn sì pín in gẹ́gẹ́ bí ṣúgà inú ohun mímu ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ dín ṣúgà kù, wọ́n sì fi adùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí ran ọ̀rọ̀ akokoro lọ́wọ́, nítorí kòkòrò àìfojúrí kò rí ṣúgà jẹ. Ní ti èèpo eyín, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀: kólà tí kò ní ṣúgà rárá ṣì ní ásíìdì fọ́sífóríìkì rẹ̀ nínú, pH rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti ẹlẹ́ṣúgà. Òfin kan ń wọn lítà, èkejì ń wọn ṣúgà. Kò sí èyí tí ó wọn kíkan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wá a yóò rí i lára ìgò fúnra rẹ̀. Nínú ìlà àwọn èròjà, tí a fi lẹ́tà kéékèèké kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, orúkọ ásíìdì sábà máa ń wà níbẹ̀, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi rọ́pò orúkọ náà. E338 ni ti ásíìdì fọ́sífóríìkì, èyí tí ó wà nínú kólà. E330 ni ti ásíìdì inú ọsàn, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ohun mímu aláwọ̀ ọsàn àti aláìláwọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́, tí wọn kò bá kọ nọ́ńbà nìkan, ní ìlú tí ọmọ kékeré ti lè sọ pé eyín òun kan.